Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “run”: ìtumọ̀ rẹ̀ tó mélòó?

Ìbéèrè

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Mo ń ka ìwé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì kan, ojú ìwé kan ṣoṣo ni mo ti bá ‘run’ pàdé lẹ́ẹ̀mẹrin: ‘She ran the shop.’ ‘Her nose was running.’ ‘Time was running out.’ ‘The quarrel ran deep.’ Wọ́n kọ́ mi pé sáré ni ‘run’. Kò sí ẹni tó sáré nínú gbogbo rẹ̀. Mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ohun tí mo bá níbẹ̀ pọ̀ débi pé mo pa á dé. Ìtumọ̀ mélòó ni ọ̀rọ̀ yìí ní gan-an? Ṣé gbogbo rẹ̀ ni mo máa há sórí?”

* * *

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Iṣẹ́ ìtumọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá ni mo ń ṣe jẹun, “run” sì wà lára àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń dá mi dúró jù lọ, nítorí náà mo máa fara balẹ̀ dá yín lóhùn.

Èyí tó rọrùn nínú ìbéèrè yín ni iye. 645 ni àwọn tó ń ṣe Oxford English Dictionary, ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ńlá nì, kà nígbà tí wọ́n tún “run” kọ ní 2011, ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan sì nìyẹn, wọn ò tíì ka “run” tó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ mọ́ ọn. Peter Gilliver, ọ̀kan lára àwọn olóòtú rẹ̀, ni ó jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, oṣù mẹ́sàn-án ló sì fi ṣe é. Oṣù mẹ́sàn-án lórí ọ̀rọ̀ oní-lẹ́tà mẹ́ta.

Ẹ ò gbọ́dọ̀ há 645 sórí. Àwọn tó ni èdè náà pàápàá kò há a.

Ní ti gbólóhùn yín: òun ló ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù náà, ikun ń dà nímú rẹ̀, àkókò ń tán lọ. Ẹkẹrin ṣòro ju bó ṣe rí lójú lọ. Màá padà sí i.

* * *

Ó ti tó ẹni mẹ́ta tó fèsì pé irọ́ ni, pé “set” ni ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù lọ ní Gẹ̀ẹ́sì, pé bí àwọn ṣe kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn.

Ohun tí wọ́n kọ́ yín kì í ṣe irọ́, ó kàn ti pẹ́ ni. Nínú ìtẹ̀jáde kejì ìwé atúmọ̀ yẹn, tó jáde ní 1989, “set” ló ṣíwájú lóòótọ́: ìtumọ̀ 430, àlàyé rẹ̀ nìkan sì tó nǹkan bí 60,000 ọ̀rọ̀, ìyẹn odindi ìwé kan. Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe tuntun, wọn ò bẹ̀rẹ̀ láti A. Láti M ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń dé orí àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá ni ipò kìíní ń bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn: “make” gbà á ní 2000, “put” gbà á ní 2007, “run” sì gbà á ní 2011. Nítorí náà, kí ẹ tó jiyàn lórí rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọdún tí ẹnì kejì yín ń sọ.

Ohun kan wà nínú “set” tí mo fẹ́ràn. Èyí tó túmọ̀ sí pé kí a gbé nǹkan kalẹ̀ wá láti inú “settan” ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, tó jẹ́ pé kí a mú nǹkan jókòó ni. Ṣùgbọ́n “set” tó jẹ́ àkójọ, bíi “a set of tools”, gba inú èdè Faransé àtijọ́ wọlé, láti inú “secta” ti èdè Látìn, ìyẹn àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹnì kan, ẹgbẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ méjì tí ọ̀nà wọn jìn síra ni wọ́n pàdé, tí ẹnu sì pè wọ́n ní ohùn kan náà títí wọ́n fi jọ ọmọ ìyá. Nígbà míì, ohun tí a ń pè ní ìtumọ̀ púpọ̀, àlejò tó wọ ilé onílé ni.

* * *

Ẹnì kan sọ pé: “Ẹ̀yin ń pe 645, ìwé atúmọ̀ kékeré tó wà lọ́wọ́ mi ò kọ ju bíi ogójì lọ. Èwo ni ká gbà?”

Méjèèjì. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà nìyí: a rò pé ìtumọ̀ wà nílẹ̀ bí òkúta, pé ẹni tó bá kà á dáadáa máa rí iye kan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo mẹ́ta yìí: “The boy ran to the door.” “The horse ran in the first race.” “She ran two miles.” Ọ̀kan ni àbí mẹ́ta? Ẹnì kan á ní sáré ni gbogbo rẹ̀. Ẹlòmíràn á ní ti ẹṣin yẹn yàtọ̀, nítorí pé wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdíje ni, àti pé nínú ti ìkẹta ìwọ̀n ọ̀nà ló tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe náà. Okùn kan náà ni. Ẹnì kan gé e sí mẹ́wàá, ẹnì kan gé e sí ogójì, àwọn ti Oxford gé e sí 645 nítorí pé iṣẹ́ tiwọn ni láti tọ́jú gbogbo bí wọ́n ṣe ti lo ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà láéláé, títí kan èyí tí kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Ìwé kékeré tìrẹ, ẹni tó ń kọ́ èdè lónìí ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà kan wà tí mo fi ń dán an wò. Mo máa ń fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo so nǹkan méjì pọ̀, kí n gbọ́ bó ṣe máa dún. “She ran a shop and a school” lọ tààrà. “She ran a shop and a fever”, etí onígẹ̀ẹ́sì á ta kìjí, nítorí pé ilé iṣẹ́ ni a ń darí, ibà kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń darí. Ibi tí etí bá ti ta kìjí, ìtumọ̀ ti yí padà níbẹ̀. Ẹ dán an wò ní Yorùbá náà: “Ó pa ejò àti àkekèé” dára, “Ó pa ejò àti àlọ́”, kò sẹ́ni tó máa gbà á fún yín.

* * *

Ẹlòmíràn ti kọ̀wé pé gbogbo èyí kò kan ẹni tó kàn fẹ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, pé ìyàtọ̀ kékeré ni, òye á là á. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú mi.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo bá wọn gbé ìyá àgbà kan lọ sí ilé ìwòsàn. Màmá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ wọn obìnrin ló bá wọn wọlé láti máa gbẹnu sọ, èmi dúró síta. Nọ́ọ̀sì béèrè pé: “Any runs?” Ọmọ yíjú sí ìyá rẹ̀: “Màmá, wọ́n ní ṣé ẹ sáré?” Màmá ní àwọn ò sáré o. Ọmọ ní “No”. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbẹ́ gbuuru ni nọ́ọ̀sì ń béèrè. Màmá sì ti ń yà á láti ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n kàn rò pé ohun ìtìjú ni, pé bí wọn ò bá béèrè, àwọn ò ní sọ. Alẹ́ ni ọmọ tó sọ fún mi bí ìbéèrè yẹn ṣe lọ, tí mo sáré padà wọlé lọ ṣàlàyé. Nígbà yẹn, omi ti gbẹ lára Màmá débi pé ẹnu wọn ti bó. Wọ́n fa omi sí wọn lára, ara wọn sì yá.

Àwọn kan nínú yín á dá ọmọ yẹn lẹ́bi. Èmi ò dá a lẹ́bi. Ẹni tó mọ̀ pé ẹni tó wà níwájú òun kì í ṣe ọmọ onígẹ̀ẹ́sì ni ó yẹ kó fi ọ̀rọ̀ ìgboro sílẹ̀, kó sọ ọ́ gbangba. Ṣùgbọ́n mo kọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀ tí mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń gbẹnu sọ fún ẹlòmíràn: bí ìtumọ̀ tó wá sọ́kàn rẹ bá mú kí ìbéèrè náà di ohun tí kò bọ́gbọ́n mu, bíi kí nọ́ọ̀sì máa bi arúgbó tó ń ṣàìsàn bóyá ó sáré, dúró. Ọ̀rọ̀ náà ti gba ọ̀nà mìíràn. Bi í pé kí ló ní lọ́kàn.

* * *

Iyàn tó gbóná jù nìyí. Apá kan ní Gẹ̀ẹ́sì tòṣì, pé òun ló fà á tí ọ̀rọ̀ kan fi ń ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ̀ta, àti pé Yorùbá ní ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín tó ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Apá kejì ní ọrọ̀ èdè gan-an nìyẹn, pé tiwa ni kò tó.

Mi ò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni pé àmì ohùn ń yà “tà” ti ọjà sọ́tọ̀ sí “ta” ti bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ẹ mú “pa”, kí ẹ fi ohùn kan náà sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A ń pa ejò. A ń pa iná. A ń pa àlọ́, a ń pa irọ́, a ń pa òwe, ọba ń pa àṣẹ, oníṣòwò ń pa owó, òùngbẹ ń pa wá, a ń pa ẹnu mọ́, a sì ń pa ilẹ̀kùn dé. Ẹ̀yin tí ẹ béèrè yìí, ẹ fúnra yín kọ ọ́ pé ẹ ṣí ìwé atúmọ̀, ẹ “pa á dé”. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo àwa tí a kà á tó rò pé ìwé náà kú. A ò tilẹ̀ kíyè sí i. Bí ọmọ onígẹ̀ẹ́sì ṣe ń gbọ́ “run” nìyẹn.

Kì í ṣe òṣì, kì í sì í ṣe ọrọ̀. Ọ̀rọ̀ tí a ń lò lójoojúmọ́ ló máa ń kó ìtumọ̀ jọ. George Kingsley Zipf, onímọ̀ èdè ará Amẹ́ríkà, ti kọ èyí sílẹ̀ ní 1945: bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń wọ́pọ̀ lẹ́nu tó ni ìtumọ̀ rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá wà nítòsí là ń rán níṣẹ́. “Photosynthesis” kì í ní ju ìtumọ̀ kan lọ, nítorí kò sẹ́ni tó ń pè é tí kò bá nídìí.

* * *

Mo rí i tí ẹnì kan kọ ọ́ pé kí a má da ara wa láàmú, pé ẹsẹ̀ ni gbogbo ìtumọ̀ “run” ti wá, pé bí a bá ti ń rántí eré sísá, ìyókù á yé wa.

Ó dùn létí, ṣùgbọ́n kò gbé wa débì kan. Àkọ́kọ́, ti omi kì í ṣe ọmọ ti ẹsẹ̀. Láti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, eré ẹsẹ̀ àti kí nǹkan olómi máa ṣàn. Lédè Jámánì, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ “rinnen” ṣì wà, ṣíṣàn ló sì túmọ̀ sí. Nítorí náà, “the tap is running” àti “tears ran down her face”, ẹ má wá ẹsẹ̀ kankan níbẹ̀. Ṣíṣàn ni.

Ìkejì, ẹ̀rọ. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti gbòde ni “run” ti di ọ̀rọ̀ fún ohunkóhun tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ láìdúró: aago, ọkọ̀ ojú irin, ilé iṣẹ́, lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà. Àwọn Jámánì náà ń sọ pé ẹ̀rọ ń “läuft”, ó ń sáré. Àwọn Faransé ní ó “marche”, ó ń rìn. Àwa ní ó ń ṣiṣẹ́. Ojú tí èdè kọ̀ọ̀kan fi wo ẹ̀rọ kan náà yàtọ̀, kò sì sí èyí tó ṣì í wò.

Ẹ tún wo eré kíríkẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń fi pátákó gbá bọ́ọ̀lù, níbi tí “run” ti jẹ́ àmì ayò. Bí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù bá gbá a kọjá ààlà pápá, “run” mẹ́rin ni, mẹ́fà bí kò bá kan ilẹ̀ rárá kó tó kọjá. Wọ́n á kọ ọ́ fún un láìjẹ́ pé ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ ló bí ìtumọ̀ yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ti dàgbà kúrò nílé.

* * *

“Báwo la ṣe máa kọ́ ọ nígbà náà?” Ẹnì kan ní kí a máa há mẹ́wàá sórí lójúmọ́, pé oṣù méjì àti díẹ̀ á ti parí rẹ̀. Mo ti rí àwọn tó gbìyànjú rẹ̀. Wọ́n ń ka nọ́ńbà, wọn ò lè lo ọ̀rọ̀.

J. R. Firth, onímọ̀ èdè ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ ní 1957 pé ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ bá ń kó ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mi ò kọ “run” sínú ìwé mi lóun nìkan rí. Mo máa ń wo ẹni tàbí ohun tó ṣíwájú rẹ̀, ohun tó tẹ̀lé e, àti ìrù kékeré tó bá so mọ́ ọn, bíi “out” tàbí “down”. Bí ilé iṣẹ́, ìlú tàbí ìpàdé bá tẹ̀lé e, dídarí ni. Bí ipò òṣèlú bá tẹ̀lé “run for”, díje ni. Bí ìbọn tàbí oògùn olóró bá tẹ̀lé e, fàyàwọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ ìwé ìròyìn ló “run” ìtàn, wọ́n gbé e jáde ni. Bí ọ̀nà tàbí odi bá ṣíwájú rẹ̀, ibi tó gbà kọjá ni wọ́n ń sọ, nǹkan náà kò kúrò lójú kan.

Àwọn ìrù kékeré yẹn ló ń fìyà jẹ ọ̀pọ̀ jù lọ, mo sì gbà pé ó yẹ kí a kọ́ wọn bí ọ̀rọ̀ tó dá dúró. Ẹ wo “run down” nìkan. Bátìrì “run down”, agbára rẹ̀ ti tán. Èèyàn tó “run down”, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Mọ́tò “ran him down”, ó gbá a. “Stop running her down”, ẹ yé bà á jẹ́. “I ran the address down”, mo wá àdírẹ́sì náà títí mo fi rí i. Ìrù kan náà, iṣẹ́ márùn-ún, kò sì sí èyí tí “sáré” àti “ìsàlẹ̀” máa là yé yín bí ẹ bá so wọ́n pọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́.

* * *

Ọ̀rọ̀ kúkurú fún ẹni tó ní kọ̀ǹpútà ti yanjú gbogbo èyí. Ní 1960, Yehoshua Bar-Hillel, onímọ̀ ará Ísírẹ́lì, fi gbólóhùn kan ṣàlàyé ìdí tí ẹ̀rọ kò fi ní lè túmọ̀ èdè bí èèyàn: “The box was in the pen.” Ọmọdé kan ló ń wá àpótí ohun ìṣeré rẹ̀. “Pen” ibẹ̀ kì í ṣe gègé, ọgbà kékeré tí wọ́n ń fi ọmọdé sí kó máa ṣeré ni. Ó ní ẹ̀rọ ò mọ̀ pé àpótí kì í wọ inú gègé.

Ẹ̀rọ ti ṣe ju bó ṣe rò lọ láti ìgbà yẹn, mo sì ń lò ó lẹ́nu iṣẹ́. Síbẹ̀, wọ́n gbé iṣẹ́ kan fún mi láti tún wò tí ẹ̀rọ ti kọ́kọ́ túmọ̀, mo sì bá “Run as administrator” níbẹ̀ tí ó ti di “Sáré gẹ́gẹ́ bí alákòóso”. Gbólóhùn ọlọ́rọ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin tó wà lórí bọ́tìnnì kì í ní ẹgbẹ́ tó máa jẹ́rìí sí i. Èèyàn tó ti lo kọ̀ǹpútà rí ló máa mọ̀ pé kí a ṣí ètò náà pẹ̀lú àṣẹ alákòóso ni.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà: “Ẹ ṣì jẹ mí ní gbèsè kan. ‘The quarrel ran deep.’ Mo gbìyànjú ‘ìjà náà jinlẹ̀’, kò dún dáadáa létí mi.”

Etí yín ò tàn yín. “Jinlẹ̀” bá ìmọ̀ àti èrò lọ ju ìjà lọ. Ohun tí onígẹ̀ẹ́sì ń rí níbẹ̀ ni ohun tó gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá, tó ti pẹ́ níbẹ̀, tí a ò lè fi ọjọ́ kan fà tu. Àwa náà ní i, ọ̀rọ̀-ìṣe wa kan tó ń ta bọ́ọ̀lù, tó ń ta ọfà, tó ń ta kókó, ló sì máa bá yín ṣe é: “Ìjà náà ti ta gbòǹgbò.”

Bí ó bá jẹ́ láàárín ọmọ ìyá méjì ni ìjà ọ̀hún nínú ìwé yín, ẹ kọ ojú ìwé tó ṣáájú rẹ̀ wá. Ó ṣeé ṣe kí n yí i padà.